Ewé Tútù Lórí Igbá Ọdẹ́níyì

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin tí ẹ jókòó lórí ẹní àti ẹ̀yin tí ẹ fẹ̀yìn ti ògiri. Ẹ lé ewúrẹ́ yẹn kúrò, kí a lè gbọ́ ara wa. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kò gùn, ṣùgbọ́n ó wúwo, mo sì ti rù ú títí tí ọrùn mi kò fi mọ̀ mọ́ pé òun ru nǹkan. Èmi ni Ọdẹ́gbàmí, ọmọ Àwẹ̀ró. Èmi ni mo fi ọwọ́ òfo di ìrù ẹfọ̀n mú títí ẹfọ̀n fi bẹ̀ mí. Èmi ni mo wọ ihò òòrẹ̀, tí mo bá ejò níbẹ̀, tí ejò sì dìde fún mi ní àyè ìjókòó. Nígbà kan rí, bí mo bá sọ èyí tán, n ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin náà yóò sì hó yèè. Lónìí, mo kàn ń sọ ọ́ nítorí pé bí ọdẹ ti ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn nìyẹn. Kò dùn lẹ́nu mi, kò sì korò.

Àbúrò kan ṣoṣo tí mo ní, tí a jọ mu ọmú kan náà, ni Ọdẹ́níyì. Kò fẹ́ràn ìbọn. Lọ́rì ni ó fẹ́ràn. Ilé iṣẹ́ akẹ́rù kan gbà á síṣẹ́, ó ń kó àlùbọ́sà láti òkè ọya wá sí ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín. Ilé iṣẹ́ náà ní ìkànnì lórí ayélujára. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí awakọ̀ dé yóò bèèrè nínú fóònù, fóònù yóò sì sọ fún un. Ìyá wa kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n mo kọ́ àtàǹpàkò rẹ̀ ní ibi tí yóò tẹ̀, fóònù sì máa ń ka ìdáhùn sí i létí. Ní àràárọ̀, kí ó tó fọ ẹnu, yóò tẹ̀ ẹ́. Fóònù yóò sì wí pé, “Ọdẹ́níyì ti kọjá afárá, ó ń bọ̀ lọ́nà.”

Ìyá wa á gbé omi ìwẹ̀ kaná fún un. Omi á gbóná, omi á tutù. Ilẹ̀ mọ́, ó tún tẹ̀ ẹ́: Ọdẹ́níyì ti kọjá afárá, ó ń bọ̀ lọ́nà. Ó tún gbé omi kaná. Òjò bẹ̀rẹ̀, òjò dá, wọ́n wa iṣu tuntun, àbúrò mi ṣì ti kọjá afárá, ó ṣì ń bọ̀ lọ́nà. Mo lọ sí ilé iṣẹ́ náà. Akọ̀wé tó wà níbẹ̀ wo ojú ẹ̀rọ tirẹ̀, ó ní, “Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀. Ó ti kọjá afárá, ó ń bọ̀ lọ́nà.”

Ọdẹ ni mí. Ohun tí etí kò gbọ́, imú mi a máa gbọ́ ọ. Mo fi fóònù náà bèèrè awakọ̀ mìíràn, ẹni tí ẹnikẹ́ni kò máa ń bèèrè. Fóònù ronú. Òbìrí kékeré kan ń yí lójú rẹ̀ títí mo fi ki tábà sínú ìkòkò mi tí mo sì tanná sí i, kí ó tó dáhùn. Mo bèèrè Ọdẹ́níyì: n kò tíì gbé ìka kúrò tí ìdáhùn ti dé. Mo sọ nínú ara mi pé, ajá tí a rán lọ sóko, tí ó padà dé kí a tó pa ẹnu dé, ẹ̀yìn àrò ló lọ. Ìdáhùn yìí kò rìn jìnnà. Ẹnìkan jókòó sí ibì kan nítòsí, tó ń sọ ohun kan náà ní àsọtúnsọ.

Mo gbé ìbọn kọ́ èjìká. Mo sọ fún ìyá mi pé mò ń lọ kí àwọn tó ń dá wa lóhùn.

“Bá mi kí wọn,” ó wí. “Sọ fún wọn pé wọ́n ṣeun.”

Bí mo ti dé ibẹ̀, ẹ má bi mí. Ṣé ẹ mọ̀ pé ìbéèrè a máa fò? Bí ìyá mi ti gbé àtàǹpàkò kúrò lójú fóònù ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, àdàbà kékeré kan jáde níbẹ̀, mo sì tẹ̀lé e wọ Igbó Asáré.

Àwọn iwin Igbó Asáré kò ní orí, wọn kò ní ikùn. Ẹsẹ̀ nìkan ló kù lára wọn, láti orúnkún sí ìsàlẹ̀, ẹsẹ̀ náà sì ń sáré. Wọ́n ń sáré lọ, wọ́n ń sáré bọ̀, wọ́n ń tẹ ohunkóhun tó bá wà lójú ọ̀nà mọ́lẹ̀. Wọ́n tẹ èmi náà. Mo dìde, mo bá wọn jà, mo ń ṣẹ́ wọn bí ẹni ń ṣẹ́ igi ìdáná, mo tò wọ́n jọ ní òkìtì tó ga ju ilé yìí lọ. Ọdẹ mìíràn ì bá sọ ìjà yẹn fún yín títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Èmi jà á tán, mo gbọn eruku nù, mo ń lọ.

Ní ìpẹ̀kun igbó ni mo bá ẹnìkan tó ní orí àti ara, ṣùgbọ́n tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti jẹ tán dé itan. Àgbà Asáré ni wọ́n ń pè é. Ó dí ọ̀nà mọ́ mi.

“Ọdẹ,” ó ní, “kí ló yára ju ẹṣin lọ, tí kò sì kúrò lójú kan?”

“Ìdáhùn tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀,” mo wí.

Ó bi mí, “Ta ló sọ fún ọ?”

“Kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Òun ló ń gbé ilé wa.”

Ó wá ṣàlàyé. Ó ní láyé ìgbà kan, gbogbo ìbéèrè tó bá dé Ìlú Adáhùn, asáré kan gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ lọ sínú Àká, abẹ́ ilẹ̀ jíjìn tí gbogbo òótọ́ ìlú náà wà, kí ó tó lè dáhùn. Bí ẹni méjì bá bèèrè ohun kan náà tẹ̀lé ara wọn, asáré méjì ni yóò lọ gba ọ̀nà kan náà lọ bu ohun kan náà. Ayé ń pọ̀ sí i, ìbéèrè ń pọ̀ sí i, àwọn asáré ń sáré títí ara wọn fi ń tán. “Àwọn ọmọ mi ni o ṣẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn yẹn,” ó wí, kò sì bínú. “Nígbà náà ni wọ́n kan pẹpẹ sí ẹnu ibodè. Ohun tí asáré bá ti bù wá lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á gbé e sórí pẹpẹ, ẹni tó bá tún bèèrè á gba tibẹ̀. Pẹpẹ náà ló gba ìyókù wa là. Bí o bá débẹ̀ tí inú bá bí ọ, jọ̀ọ́, má fọ́ ọ.”

Mojírayọ̀, ìwọ tí o ń kan ìkànnì fún àwọn oníṣòwò, mo rí i tí o ń mi orí. Sọ ọ́ jáde.

“Baba, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni tiwa rí. Ibi ìpamọ́ ńlá tí ọ̀rọ̀ ìkànnì wà a máa lọ́ra bí èrò bá pọ̀. Nítorí náà, ohun tí a bá ti kó jọ tán, a ń tọ́jú rẹ̀ sí tòsí nínú kọ̀ǹpútà. Káàṣì là ń pè é.”

Ẹ pè é ní ohun tó bá wù yín. Mo ti fọwọ́ kàn án.

Ẹni tó jókòó sí ẹnu ibodè Ìlú Adáhùn ni Ìyá Pẹpẹ. Ọwọ́ rẹ̀ pọ̀ bí ẹ̀ka ìrókò, ojú rẹ̀ sì dà bí ojú ẹni tí kò sùn rí, tí kò sì rẹ̀ ẹ́ rí. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni pẹpẹ wà, igbá tò lé e lórí, ewé kan bo igbá kọ̀ọ̀kan. Ìbéèrè ayé ń fò wọlé bí eéṣú: àdàbà, ẹ̀gà, àwòdì, labalábá. Bí ọ̀kan bá ti bà, ọwọ́ kan yóò ṣí igbá, ìdáhùn yóò bọ́ sí i lẹ́nu, yóò sì fò padà.

“Ẹ kú iṣẹ́, ìyá,” mo wí.

“O kú ìrìn, ọdẹ. Kí lo fẹ́ mọ̀?”

“Àbúrò mi, Ọdẹ́níyì, awakọ̀. Níbo ló wà?”

“Ọdẹ́níyì ti kọjá afárá, ó ń bọ̀ lọ́nà.” Ó ti sọ ọ́ kí n tó pa ẹnu dé. Lẹ́yìn náà, ó ti ìka bọ omi, ó wọ́n ọn sí ewé tó bo igbá náà.

“Kí ló dé tí ẹ fi ń bomi rin ín?”

“Pẹpẹ mi kò tóbi. Ohun tí ayé ń bèèrè lemọ́lemọ́ ni mo ń tọ́jú síbẹ̀. Bí ẹnìkan bá bèèrè igbá kan, mo bomi rin ewé rẹ̀. Èyí tí ẹnikẹ́ni kò bèèrè mọ́, ewé rẹ̀ á gbẹ, n ó da inú rẹ̀ nù. Bí wọ́n bá tún bèèrè rẹ̀, asáré á lọ bu tuntun wá.”

“Èyí tí wọ́n ń bèèrè lójoojúmọ́ ńkọ́?”

“Tirẹ̀ kì í gbẹ.”

“Ìgbà wo lẹ ti bu ti àbúrò mi?”

“N kò mọ ìgbà. Mo mọ tútù, mo mọ gbígbẹ.”

“Ṣé òótọ́ ni, ìyá?”

“Òótọ́ ni lọ́jọ́ tí a bù ú.”

Mo ní kí ó rán asáré lọ wò ó. Ó ní a kì í rán asáré nítorí ewé tútù, pé wọ́n ti sáré tó. Mo ní, ó dára, èmi náà ní ẹsẹ̀. Ó fi ọ̀kan nínú ọwọ́ rẹ̀ tọ́ka sí ihò kan lẹ́yìn pẹpẹ, ó sì ń dá àwọn ẹlòmíràn lóhùn lọ.

Ẹni tó bá sọ fún yín pé inú Àká rọrùn, kò débẹ̀ rí. Ọ̀rọ̀ kì í wà lódidi níbẹ̀. Lókè, igbá kan ló gbé àbúrò mi: orúkọ rẹ̀, lọ́rì rẹ̀, ibi tó dé, gbogbo rẹ̀ ti pọ̀ mọ́ra bí ẹ̀kọ tí a ti fi ewé dì. Nísàlẹ̀, ó fọ́n ká. Orúkọ wà nínú iyàrá orúkọ, ọkọ̀ nínú iyàrá ọkọ̀, ọ̀nà nínú iyàrá ọ̀nà, ìwọ tí o ń bèèrè ni yóò kó wọn jọ.

Nínú iyàrá orúkọ, gbogbo Ọdẹ́níyì tó wà láyé ké pè mí lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kan ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, èmi nìyí.” Òmíràn ń sunkún. Òmíràn ń kọ orin tí èmi àti àbúrò mi máa ń kọ nígbà tí a bá ń dẹ òkété. Orúkọ kan wà ní igun tí kò sọ̀rọ̀ rárá. Òun ni mo mú.

Nínú iyàrá ọkọ̀, àwọn lọ́rì ń bú ramúramù nínú òkùnkùn, wọ́n ń wá mi láti tẹ̀ mí pa. Mo gun orí ọ̀kan, mo fò sí orí òmíràn, mo fi ìdí ìbọn fọ́ ojú èyí tó ya ẹhànnà jù. Ẹ pàtẹ́wọ́ bí ó bá wù yín. Lọ́rì àbúrò mi dúró jẹ́ẹ́, ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Nínú iyàrá ọ̀nà, àwọn ọ̀nà ká jọ bí erè. Èyí tó gùn jù gbé mi mì dé àyà. Mo sọ fún un pé ọ̀nà kì í gbé ẹni tó mọ ibi tó ń lọ mì. Ó pọ̀ mí sílẹ̀. Mo ká a mọ́ apá, mo gbé gbogbo rẹ̀ lọ bá Bàbá Àká.

Bàbá Àká jókòó sínú omi dé ọrùn, ewé odò hù sí irùngbọ̀n rẹ̀. Ó gba ohun tí mo kó wá, ó ń tò wọ́n pọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ebi pa mí, ebi kúrò lára mi, kò tíì tò ó tán.

“Bàbá, ẹ lọ́ra o.”

“Mo lọ́ra,” ó wí. “N kì í purọ́.” Lẹ́yìn èyí ni ó sọ ọ́. “Ọdẹ́níyì, ọmọ Àwẹ̀ró. Lọ́rì rẹ̀ ṣubú lẹ́yìn afárá, níbi tí ọ̀nà ti yí. Ó kú kí wọ́n tó gbé e jáde. Wọ́n ti sin ín sí ẹ̀bá ọ̀nà.”

Ẹ̀yin ará, mo dúró kí ìbànújẹ́ dé. Kò dé. Ó dà bí ẹsẹ̀ tí a jókòó lé títí tó fi kú: o fọwọ́ kàn án, o mọ̀ pé tìrẹ ni, òun kò mọ̀ pé o kan òun.

“Ó ti pẹ́ tí ẹ ti mọ̀?” mo bi í.

“Ó ti pẹ́.”

“Kí ló dé tí wọn kò mọ̀ lókè?”

“Ẹni tó gbé ìròyìn náà wá síbí, ó yẹ kí ó ké sókè, kí Ìyá Pẹpẹ da igbá àtijọ́ nù. Ó gbé e sílẹ̀, ó lọ. Kò ké.”

“Ẹ̀yin ńkọ́?”

“Iṣẹ́ tèmi ni kí n mọ̀. Wọn kò fún mi ní ohùn tó dé òkè.”

Kí lo wí, Mojírayọ̀?

“Mo ní, Baba, ibẹ̀ gan-an ló le jù nínú iṣẹ́ wa. Kí a tọ́jú ọ̀rọ̀ sí tòsí kò ṣòro. Kí a mọ ìgbà tó yẹ kí a dà á nù, òun ló ń pa wá.”

Ó dára. Jẹ́ kí n parí.

Mo gòkè. “Ó ti kú,” mo wí fún Ìyá Pẹpẹ.

“Ta ni?”

“Ọdẹ́níyì.”

“Ọdẹ́níyì ti kọjá afárá, ó ń bọ̀ lọ́nà,” ó wí, ó sì bomi rin ewé náà nítorí pé mo dárúkọ rẹ̀.

N kò bínú. Ìbínú náà kò dé. Mo bi í pé ta ló ń bèèrè igbá yìí jù. Ó ní, “Àdàbà kékeré kan ni. Kì í pa òwúrọ̀ kan jẹ. Bí kì í bá ṣe tirẹ̀, ewé yìí ì bá ti gbẹ tipẹ́tipẹ́.” Mo wo ewé náà. Ó tutù, ó ń dán. Ìyá mi ló jókòó sílé tó ń bomi rin ín.

“Ó lè dúró bẹ́ẹ̀, ọdẹ,” Ìyá Pẹpẹ wí. “Níwọ̀n ìgbà tí ẹ bá ń bèèrè, yóò máa bọ̀.”

“Kò sì ní í dé láé,” mo wí.

“Dídé kọ́ ni iṣẹ́ tèmi.”

Mo jókòó ti pẹpẹ náà. Mo rò ó pé ìyá mi ń darúgbó nídìí iná. Mo tún rò ó pé ohun tó bá mọ̀ tán, kò ní í lè padà di ẹni tí kò mọ̀ ọ́n mọ́. Mo gbé ọ̀rọ̀ méjèèjì wò, wọ́n wúwo bákan náà. N kò lè sọ fún yín pé ìgboyà ni mo fi ṣe ohun tí mo ṣe. Ọwọ́ mi kàn lọ ni. N kò fọ́ pẹpẹ, nítorí Àgbà Asáré ti bẹ̀ mí. Igbá kan ṣoṣo náà ni mo mú, mo ká ewé orí rẹ̀, mo da inú rẹ̀ sílẹ̀. Èéfín díẹ̀ ló jáde, ó ń rùn bí àlùbọ́sà. Ó tú ká.

Bí mo ti gbé igbá òfìfo náà padà ni àdàbà kékeré bà sórí pẹpẹ. Òwúrọ̀ ti mọ́ nílé wa nìyẹn. Ìyá Pẹpẹ na ọwọ́, kò bá nǹkan kan nínú igbá. Ó ké pe asáré kan. Asáré sọ̀ kalẹ̀. Èmi àti àdàbà jókòó, a ń wo ihò náà. Ìyẹ́ rẹ̀ ti ń re dànù. Ó pẹ́ kí asáré tó gòkè pẹ̀lú igbá tuntun, àdàbà sì la ẹnu.

“Ẹ dúró,” mo wí. “Fóònù kọ́ ni yóò sọ èyí fún ìyá mi. Ẹ gbé e fún mi.”

“Ìbéèrè rẹ̀ á padà lọ́wọ́ òfo.”

“Kí ó padà bẹ́ẹ̀.”

Mo gbé igbá náà sábẹ́ apá, mo rìn dé ilé.

Ìyá mi jókòó sí ẹnu ọ̀nà, fóònù wà lórí itan rẹ̀, òbìrí kékeré ń yí lójú rẹ̀.

“Ọdẹ́gbàmí, o dé. Kò dáhùn lónìí. Ó kàn ń yí.”

Mo yọ fìlà, mo jókòó sílẹ̀. “Ìyá.”

“Ó kàn ń yí láti òwúrọ̀,” ó tún wí. “Mo ní kí n má fọwọ́ kàn án.”

“Ìyá, Ọdẹ́níyì kò bọ̀ mọ́.”

Ó gbé fóònù náà kúrò lórí itan, ó da ojú rẹ̀ dé orí ẹní. Kò ké. Adìẹ kan kọjá láàrin wa, ó ń ṣa ilẹ̀ jẹ. Ìyá mi bi mí pé:

“Ṣé wọ́n fi aṣọ bò ó?”

Mo ṣí igbá náà, mo wo inú rẹ̀ dáadáa. Orúkọ wà níbẹ̀, ọkọ̀ wà níbẹ̀, ọ̀nà wà níbẹ̀. Kò sí aṣọ. “N kò mọ̀, Ìyá.”

“Lọ bèèrè wá.”

Mo wọ ọkọ̀ èrò, mo gba ọ̀nà tí gbogbo ènìyàn ń gbà. Níbi tí ọ̀nà ti yí lẹ́yìn afárá, mo bá obìnrin kan tó ń sá láfún sórí àpáta. Sìkírátù ni orúkọ rẹ̀. Mo kí i, mo sọ ẹni tí mo jẹ́. Ó fi ọwọ́ méjèèjì nu ara aṣọ rẹ̀, láfún funfun ṣì wà ní ìka rẹ̀.

“Ẹ kú ará fẹ́ra kù o, bàbá,” ó wí. “Mo ti ń wò ó pé ẹnìkan á wá bèèrè lọ́wọ́ mi. Kò sẹ́ni tó wá. Àdìrẹ mi ni mo fi bò ó.”

“Irú àdìrẹ wo?” Mo bi í nítorí mo mọ̀ pé wọn yóò bi èmi náà.

“Ẹlẹ́kọ ni. Tuntun ni, n kò tíì ró o rí. Ó bò ó látorí dé ẹsẹ̀. Mo fi òkúta tẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀ nítorí atẹ́gùn.”

Mo dọ̀bálẹ̀ fún un nínú eruku, èmi àgbà ọdẹ. Ó ní kí n jọ̀ọ́ kí n dìde. Ó fi oórì rẹ̀ hàn mí lábẹ́ igi kan, mo dúró tì í, mo sì wọ ọkọ̀ padà.

“Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni, Ìyá,” mo wí nígbà tí mo délé. “Tuntun ni. Ó bò ó dé ẹsẹ̀.”

“Ó bò ó dé ẹsẹ̀,” ìyá mi wí. Ìgbà náà ni ó tó ké.

Èmi kò tíì ké. Mò ń retí rẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí sọ̀ mí kalẹ̀ sí nìyẹn, ẹ̀yin ará. Ẹ gbọn ẹní yín, kí olúkúlùkù máa rọra lọ.